Ṣé bóà Moonglow lè jáde lára Hypo àti Snow? Ìdáhùn fún òǹkàwé kan ní Birmingham

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Birmingham ni mo ń gbé, mo sì ń sin ejò bóà. Abo kan wà lọ́wọ́ mi, Hypo ni àwọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ní het àfín ni (ó gbé jíìnì àfín, ṣùgbọ́n kò hàn lára rẹ̀). Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ó wọn 2.6 kg. Oṣù tó kọjá ni mo ra akọ Snow kan tó ti dàgbà. Moonglow ni mo fẹ́ kí wọ́n bí. Ṣé kí n da wọ́n pọ̀ ní ìgbà òtútù yìí? Kí ni kí n ṣọ́ra fún?"

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dà wọ́n pọ̀ ní ìgbà òtútù yìí. Ara abo yín kò tíì gbà á. Akọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ kò sì mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Moonglow, ìyẹn ejò tí àwọ̀ Hypo àti ti Snow pàdé lára rẹ̀, kò sì lè jáde lára àwọn méjèèjì yìí ní ìbí àkọ́kọ́, bó ti wù kí ọmọ pọ̀ tó. Ìran kejì ló máa ti jáde. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá lo ọdún tí ẹ máa fi dúró yìí dáadáa, ẹ lè tètè dé ibẹ̀ ju ẹni tó kánjú lọ. Màá ṣàlàyé bó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ná owó dànù. Jíìnì méjì ló para pọ̀ di Snow: ti àfín, tó mú dúdú kúrò lára ejò, àti ti Anery, tó mú pupa kúrò. Méjèèjì ló máa ń fara pamọ́. Ẹni tó bá ti ṣe àyẹ̀wò jẹnotáìpù kó tó ṣègbéyàwó ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tán. Het ni AS ti ejò: ó gbé jíìnì náà, kò hàn lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè fún ọmọ. Kí àwọ̀ tó hàn, ọmọ gbọ́dọ̀ gba ẹyọ kan lọ́wọ́ bàbá, kó sì gba ẹyọ kan lọ́wọ́ ìyá. Hypo kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ti tó kó fi hàn: dúdú á dín kù, ìrù á mọ́, pupa àti àwọ̀ ọsàn á yọ dáadáa. Moonglow ni ejò tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lára rẹ̀: àfín, Anery àti Hypo.

Wàyí o, akọ yín ní àfín méjì àti Anery méjì. Abo yín ní Hypo, ó ní àfín kan, kò ní Anery rárá. Gbogbo ọmọ ló máa gba Anery kan lọ́wọ́ bàbá, kò sì sí ibi tí ìkejì máa gbà wá. Bí wọ́n bá bí ọmọ 20, ohun tí ẹ lè retí ni bíi Sunglow 5, ìyẹn Hypo tó tún jẹ́ àfín, àfín lásán 5, Hypo 5, àti 5 tí àwọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ti ejò inú igbó. Gbogbo wọn pátá ni het fún Anery. Àwọn tí àfín kò hàn lára wọn jẹ́ het fún àfín pẹ̀lú. Tí ó bá ṣẹlẹ̀ pé abo yín ní Hypo méjì, gbogbo ọmọ ló máa jẹ́ Hypo. Ojú lásán kì í sábà mọ Hypo ẹyọ kan yàtọ̀ sí Hypo méjì, ọmọ tó bá bí ló máa sọ ọ́.

Kí ìṣirò yìí tó lè dúró, ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú àfín tó wà lára abo yín. Ìlà àfín méjì ló gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń sin bóà, Kahl àti Sharp, orúkọ àwọn asin-ejò méjì ní Amẹ́ríkà tí ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀. Lójú, wọ́n jọra gan-an. Nínú ara, jíìnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tí ẹ bá da àfín Kahl pọ̀ mọ́ àfín Sharp, kò sí ọmọ kan tó máa jẹ́ àfín. Aláwọ̀ igbó ni gbogbo wọn máa jẹ́, tí wọ́n á máa gbé het méjì tí kò bára mu. Ìlà àfín kẹta tó ń jẹ́ VPI tún wà lọ́tọ̀, òun náà kì í bá àwọn méjèèjì ṣe. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ta abo fún yín, ẹ bi í ní ìlà tí àfín rẹ̀ ti wá, kí ẹ sì ní kó fi àwòrán bàbá tàbí ìyá tí àfín náà hàn lára rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ bi ẹni tó ta akọ náà bákan náà. Ẹni tí kò bá lè sọ ìlà tí àfín ti wá, ẹ gbà pé kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún wò ó bóyá "100% het" ni ìwé abo yín wí, tàbí "66%". Ìkejì túmọ̀ sí pé het méjì ló bí i, pé ó ṣeé ṣe kó gbé jíìnì náà, ó sì ṣeé ṣe kó má gbé e. Snow yín máa tú àṣírí rẹ̀: tí wọ́n bá bí ọmọ 20 tí ẹyọ àfín kan kò sí níbẹ̀, tí ìlà wọn sì bára mu, abo yẹn kì í ṣe het.

Ọ̀nà tó yá jù dé ibi Moonglow nìyí. Lára ọmọ ìbí àkọ́kọ́, akọ Sunglow ni kí ẹ tọ́jú, kì í ṣe abo. Akọ bóà tí ẹ bọ́ dáadáa lè gun abo láàárín ọdún méjì sí méjì àtààbọ̀. Abo nílò ọdún mẹ́rin, ó kéré tán. Nítorí náà, ẹ wá abo Snow kékeré kan ra ní báyìí, kí ìlà àfín rẹ̀ bá ti akọ yín mu, kó má sì jẹ́ ẹbí rẹ̀ rárá, kí ẹ máa tọ́ ọ bọ̀. Nígbà tí akọ Sunglow yín bá fi máa tó ó gun abo, abo yẹn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tán. Sunglow tó jẹ́ het Anery pẹ̀lú Snow: gbogbo ọmọ ló máa jẹ́ àfín, ìdajì máa jẹ́ Hypo, ìdajì máa jẹ́ Anery, ìdá kan nínú mẹ́rin á sì jẹ́ Moonglow. Nínú ọmọ 20, kí Moonglow má sí rárá, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ fi ìyẹn wé ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú tí ọ̀pọ̀ ń tọ̀. Wọ́n á ra Hypo tó jẹ́ het fún àfín àti Anery, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ aláwọ̀ igbó tó jẹ́ het fún méjèèjì. Ìdá kan nínú 32 ni Moonglow níbẹ̀. Nínú ọmọ 20, ó ju ìdajì lọ pé ẹ kò ní rí ẹyọ kan, ẹ ó sì ní 20 ejò láti bọ́.

Ẹ lè ní kí ló dé tí ẹ kò kàn ní dá ọmọ padà fún bàbá rẹ̀. Ìṣirò máa bára mu, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn àwọ̀ wọ̀nyí ti gba inú ẹbí tó há kọjá tẹ́lẹ̀. Nínú ìlà Kahl àtijọ́, a ti rí ọmọ tí wọ́n bí tí ojú rẹ̀ kan kò sí. Ẹ mú ẹ̀jẹ̀ tuntun wọlé nígbà tó bá ṣeé ṣe. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi àwọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Motley kún un lọ́jọ́ iwájú, ẹ má da Motley méjì pọ̀ láéláé: èyí tó bá gba jíìnì náà méjì nínú ọmọ wọn kì í sábà dàgbà, ikú ló máa ń pa á ní kékeré.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí àwọ̀. Ọ̀rọ̀ ara ló kàn.

Bóà yàtọ̀ sí òjòlá ilẹ̀ wa tó ń yé ẹyin, tó sì ń ká mọ́ ọn. Inú ni bóà ń gbé ọmọ sí títí yóò fi bí i láàyè, nítorí náà ara abo ló ń ru gbogbo ìnira. 2.6 kg kéré jù. Ẹ jẹ́ kó pé ọdún mẹ́rin, kó gùn tó bíi mítà 1.8, kó sì wọn bíi 4 kg tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi oúnjẹ kì í láti lè tètè bá a débẹ̀. Bóà tó sanra lójijì, ọ̀rá á yí inú rẹ̀ po, ẹyin òfo, èyí tí kò lè di ọmọ, ló máa ń pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ náà sì ń jìyà. Eku ńlá kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ti tó. Tí ẹ bá fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó yẹ kí ó le, kó ki. Tí awọ bá ń há sí méjì láàárín ìpẹ́ nígbà tó bá ká, tí ọ̀rá sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù, ó ti sanra jù.

Akọ tuntun yẹn, yàrá ọ̀tọ̀ ni kó wà fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, oṣù mẹ́fà ló dáa jù. Òun ni kí ẹ máa tọ́jú gbẹ̀yìn lójúmọ́, kí irin ìmú-ejò àti àwo omi rẹ̀ má dé ọ̀dọ̀ abo. Ẹ yẹ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ àti etí ojú rẹ̀ wò fún kòkòrò dúdú wínníwínní tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ejò; inú omi ló máa ń kú sí, ẹ ó rí i nísàlẹ̀ àwo bí ìyẹ̀fun ata dúdú. Èyí tó burú ju kòkòrò lọ ni àìsàn IBD (Inclusion Body Disease). Ní 2012 ni àwọn onímọ̀ kéde irú fáírọ́ọ̀sì kan, tí a ń pè ní reptarenavirus báyìí, tí wọ́n fura sí pé òun ló wà nídìí rẹ̀; ìwádìí lẹ́yìn náà sì ti gbè é lẹ́yìn. Kò ní oògùn. Bóà lè gbé e fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣe ohunkóhun, kó sì fún àwọn ọmọ rẹ̀ látinú. Bàbá náà lè fún wọn. Ẹ ní kí dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa ejò gba ẹ̀jẹ̀ lára akọ àti abo, kó fi owú ra ọ̀nà ọ̀fun wọn, kó sì fi méjèèjì ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò PCR, èyí tó ń wá jíìnì fáírọ́ọ̀sì náà. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, torí àyẹ̀wò kan lè má rí i. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ní in, kò gbọdọ̀ bímọ, àní bí àwọ̀ rẹ̀ bá wọ́n tó góòlù.

Ní ìgbà òtútù ọdún tó ń bọ̀, tí gbogbo èyí bá ti mọ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ dá oúnjẹ dúró ní ìparí oṣù kẹwàá, kí inú wọn ṣófo fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, torí eku tó kù nínú ejò tí ara rẹ̀ tutù máa ń jẹrà níbẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ dín ooru alẹ́ kù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí yóò fi dé 22 sí 23°C. Kó má lọ sílẹ̀ ju 21 lọ. Lọ́sàn-án, kí ibi ìyáná ṣì wà fún wọn ní 29 sí 31°C, ẹ sì dín wákàtí ìmọ́lẹ̀ kù láti 12 sí 10. Òtútù Birmingham á ṣe èyí tó kù. Tí ẹ bá gbọ́ tí ejò ń mí bí ẹni tí imú dí, tàbí tí itọ́ ń ho ní ẹnu rẹ̀, ẹ dá ooru padà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pe dókítà. Ti ọdún yẹn ti parí nìyẹn.

Láti àárín oṣù kejìlá, ẹ gbé akọ lọ sínú ilé abo. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ yà wọ́n fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ tún dà wọ́n pọ̀. Ẹ ó rí akọ tó ń gun ẹ̀yìn abo lọ sókè, tó ń fi èékánná kékeré méjì ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀ họ ọ́ lára. Tí ìrù wọn bá lọ́ mọ́ra tí ihò ìdí wọn sì so pọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n; ó lè gba wákàtí púpọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Akọ lè má jẹun ní gbogbo àsìkò yìí, nítorí náà ẹ máa wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Tí ó bá ti sọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ nù, ẹ mú un kúrò kó lọ jẹun.

Àmì tí ẹ ń wá ni ọjọ́ tí ẹyin máa tú. Àárín ara abo máa wú lójijì, bí ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé eku ńlá mì, nígbà tí ẹ mọ̀ pé kò jẹun. Ó máa le síbẹ̀, kì í sì í ju bí ọjọ́ kan lọ kó tó tú ká. Ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ lè má rí i. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, abo máa bọ́ awọ. Ìbọ́ awọ yẹn ni kí ẹ fi ka ọjọ́: ọjọ́ 100 sí 120 lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbímọ. Kí akọ ti kúrò nílé rẹ̀ kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Inú àsìkò oyún yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù, ooru sì ló máa ń fà á. Kí ibi ìyáná wà ní 31 sí 32°C tọ̀sán-tòru, kí apá kejì ilé wà ní bíi 26, kí abo lè yan èyí tó wù ú. Tí ooru bá kọjá 33 lọ fún ìgbà pípẹ́, tí ibi tútù kò sì sí tó lè sá sí, àwọn ọmọ á máa jáde pẹ̀lú eegun ẹ̀yìn tó wọ́ tàbí kí wọ́n kú sínú. Tí òtútù bá pọ̀ jù, oyún á pẹ́, àwọn ọmọ á sì jáde láìlágbára. Ẹ lo tẹmósítáàtì gidi, kí ẹ so ọmú rẹ̀, ìyẹn orí wáyà tó ń wọn ooru, mọ́lẹ̀ níbi tí ejò kò ti lè tì í kúrò, torí ọmú tó bọ́ sínú àwo omi á máa rò pé òtútù ń mú ilé, á sì máa tan iná lọ láìdúró. Ẹ fi tẹmómítà kejì sí i tí kò bá a tan. Àpò wáyà gbọ́dọ̀ bo gílóòbù, bóà á lọ́ mọ́ gílóòbù gbígbóná títí á fi jóná. Tí ẹ bá rí abo tó dojú ikùn sókè síbi ooru, ẹ má bẹ̀rù, bí aboyún ṣe ń ṣe nìyẹn. Tí ó bá fẹ́ jẹun, eku kékeré ni kí ẹ fún un. Tí kò bá fẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Òru tàbí ìdájí ni wọ́n sábà ń bí. Ẹ ó bá ọmọ, ẹyin òfo aláwọ̀ yẹ́lò tó rí bí àbẹ́là, àti bóyá òkú ọmọ kan tàbí méjì lórí ilẹ̀ kan náà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan wà nínú awọ tín-ínrín tó ń dán. Ọ̀pọ̀ máa ń fi imú là á fúnra wọn. Èyí tó bá ń mira tí kò sì tíì yọ orí lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ fi ìka mímọ́ ya awọ náà níwájú imú rẹ̀, kí ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má fa okùn ìdodo, ẹ má gé e nígbà tí oúnjẹ yẹ́lò ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sínú ike lórí tíṣù tó tutù, ní 28 sí 29°C, kó fi ọjọ́ kan fa èyí tó kù sínú. Ìyá ń kọ́? Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ òórùn ìbímọ kúrò lára rẹ̀, ẹ rọra fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ wò bóyá ẹyin òfo kù síbẹ̀. Tí ohun líle bá wà, ẹ gbé e lọ bá dókítà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fún un ní eku kékeré. Kó má tún bímọ ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ bi ẹni tó ta abo fún yín bóyá ó ti bá akọ kankan gbé rí, torí ejò lè pa àtọ̀ mọ́ sínú. Ó tún ṣeé ṣe kí abo bímọ láìsí akọ. Ní 2010, àwọn onímọ̀ kan ní North Carolina State University kéde bóà Caramel kan tó bí ọmọ 22 nínú ìbí méjì. Abo ni gbogbo wọn, Caramel ni gbogbo wọn, a kò sì rí jíìnì akọ kankan lára wọn. Caramel jẹ́ àwọ̀ tó ń fara pamọ́, àwọn akọ tó bá a gbé kò sì ní in. Nítorí náà, tí ìbí yín bá jáde ní ọ̀nà tí ìṣirò kò gbà rárá, ẹ má tètè fi ẹ̀sùn irọ́ kan ẹni tó ta ejò fún yín.

Ike kọ̀ọ̀kan ni ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú tíṣù, àwo omi àti ibi ìsápamọ́. Wọ́n á bọ́ awọ àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ 7 sí 14; kó tó dìgbà náà, wọn kò nílò oúnjẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ eku inú fìríìsà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irun, tí ẹ ti jẹ́ kó yọ́, tí ẹ sì fi omi gbígbóná mú lọ́wọ́ọ́wọ́, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 10 sí 14. Èyí tó bá kọ̀, ẹ fi eku náà sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ mọ́jú, kí ilé rẹ̀ dúdú. Èyí tó bá bì í, ẹ má tún fún un ní nǹkan kan fún ọjọ́ 14, kí ìkejì wá jẹ́ ìdajì ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá tètè tún bọ́ ọmọ tó bì ló máa ń pa á.

Ẹ má kánjú sọ èyí tó jẹ́ Sunglow àti èyí tó jẹ́ àfín lásán. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí wọn, wọ́n lè jọra. Lẹ́yìn ìbọ́ awọ kejì tàbí ìkẹta, Sunglow á ti mọ́ sí i: etí funfun tó yí àpá ẹ̀yìn ká á dín kù, ẹ̀gbẹ́ ara kò ní ní tóótòòtó. Ìgbà yẹn ni kí ẹ yan akọ tí ẹ máa tọ́jú.

Nípa títà: bóà kì í ṣe ẹranko tí òfin Ìlú Ọba ní kí ẹ gba ìwé àṣẹ ẹranko eléwu fún. Ṣùgbọ́n ní England, láti 2018, tí títà náà bá ti di òwò, ẹ nílò ìwé àṣẹ láti ọwọ́ káńsù yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ọmọ tó dé. Royal Mail kì í gbé ejò. Ọwọ́ ẹni tó máa rà á ni kí ẹ fi lé, tàbí kí ẹ fi rán akẹ́rù tó ní àṣẹ láti gbé ẹranko. Kọ ìlà àfín, ọjọ́ ìbí, orúkọ òbí àti àbájáde PCR sínú ìwé kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó rà á lọ́wọ́ yín má tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí ẹ ń béèrè lónìí.